Àtẹ́lẹwọ́ Nọ́ọ̀sì Àyọ̀kẹ́

Nọ́ọ̀sì Àyọ̀kẹ́, aládùúgbò mi ní Òkè-Ìlá, nílẹ̀ Èkìtì, ti gbẹ̀bí fún obìnrin tí kò lóǹkà. Ẹ̀jẹ̀ kì í bà á lẹ́rù. Ohun tó ń bà á lẹ́rù ni ọ̀rọ̀ bíńtín kan tí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì máa ń sọ ṣáájú orúkọ nǹkan, ìyẹn "the".

Nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, Tísà Ayọ̀rìndé ló kọ́ ọ pé bí fáwẹ̀lì bá tẹ̀lé ọ̀rọ̀ náà, "di" ni kó pè é. Bí kì í bá ṣe fáwẹ̀lì, "da" ni. Di ọ́réǹjì, da búùkù. Ẹni tó bá ṣì í pè kì í dúró de ìpè. Fúnra rẹ̀ ni yóò na àtẹ́lẹwọ́, pàṣán á sì bá a níbẹ̀. Èmi náà jẹ nínú pàṣán yẹn, mi ò ní purọ́.

Lọ́dún tó kọjá, ilé ìwòsàn kan nílùú òyìnbó fẹ́ gba Àyọ̀kẹ́ síṣẹ́, bó bá lè yege ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì sísọ. Ó ti fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n ní bó bá tún rí bẹ́ẹ̀, àwọn á mú ẹlòmíràn. Opó ni, ọmọ mẹ́ta ló ń wojú rẹ̀.

Ọmọ mi Ìyìn, tó ń kọ́ni ní Gẹ̀ẹ́sì ní àdúgbò Adébáyọ̀, wá a wá. Kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀, ó ní kó gbọ́ ohùn àwọn òyìnbó lórí fóònù. Ará Lọ́ńdọ̀nù pè é bíi ti Tísà. Ará Amẹ́ríkà kan ní "da ọ́réǹjì" láìbẹ̀rù ẹnikẹ́ni. Ẹni kẹta, ará àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé ọ̀rọ̀ náà mì pátá.

"Ẹ ò rí i, Àǹtí? Àwa náà, ìlú kan ò sọ Èkìtì bí èkejì."

"Ìyìn, mẹ́ta ni wọ́n. Èwo ni wọ́n máa fi dá mi lẹ́jọ́?"

Ìyìn wò mí. Mo wo Bíbélì mi.

Lọ́jọ́ ìdánwò, mo sìn ín lọ, mo jókòó síta, mò ń gbàdúrà. Òun ló sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú yàrá fún mi. Òyìnbó obìnrin kan wà lójú kọ̀ǹpútà, ó fi àwòrán bàbá arúgbó kan tó ń bó ọsàn hàn án. "Da ọ́réǹjì" bọ́ lẹ́nu Àyọ̀kẹ́. Kó tó mọ̀, ó ti na ọwọ́ ọ̀tún síwájú kọ̀ǹpútà, ó ṣí àtẹ́lẹwọ́, ó sì dijú pa.

Òyìnbó bi í pé kí ló fẹ́ gbà. Ojú tì í, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé: Tísà, pàṣán, bí àtẹ́lẹwọ́ ṣe máa ń gbóná títí di ìgbà oúnjẹ alẹ́. Ó sọ ọ́ títí àkókò fi pé, kò rántí di, kò rántí da.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni èsì dé. Ó yege! Mo ti kúnlẹ̀ ọpẹ́ kí n tó rí i pé òun ò rẹ́rìn-ín.

"Mọ́mì Ìyìn, àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n máa gbé mi lọ. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń gbé e mì." Ó fi ọwọ́ pamọ́ sábẹ́ abíyá. "Bí aláìsàn bá sọ ibi tó ń dùn ún, tí mi ò gbọ́ ńkọ́?"

Mo fa ọwọ́ náà jáde, mo dì í mú. Ó tutù bí omi àmù. Mo tún bẹ̀rẹ̀ àdúrà láti ìbẹ̀rẹ̀.