Irun Abíyá Onni

Onni Kangas tí mo mọ̀ kì í gba nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni láìjà. Ọgbọ̀n ọdún ló fi wa bọ́ọ̀sì iléèwé lábúlé wa níhìn-ín, létí Adágún Superior ní Amẹ́ríkà. Bí ọmọ kan bá pariwo, á dá bọ́ọ̀sì dúró láàárín yìnyín, á ní òun ò lọ mọ́. Èmi Urho ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, èébú tí mo ti gbà lẹ́nu rẹ̀ kò lóǹkà.

Nítorí náà, nígbà tí Lorna ọmọ rẹ̀ fóònù láti Minneapolis pé òun ń bọ̀ wá kó bàbá òun lọ sílé ìtọ́jú àwọn arúgbó níparí oṣù, tí Onni sì dáhùn pé kò burú, ẹ̀rù bà mí. Kò burú kẹ̀? Onni?

Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí agbára ti ń tán lára rẹ̀. Kì í jẹun dáadáa mọ́, orí àga ló ń sùn sí, òtútù sì ń mú un nínú oṣù keje pàápàá, tí ooru máa ń mú jù níhìn-ín. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kan ní kílíníìkì, wọ́n ní kò sí nǹkan, ogbó ni. Gbogbo wa gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin, kí la tún fẹ́ kó máa ṣe? Mo ṣì ń bínú sí ara mi bí mo bá rántí.

Lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀lé e, a wọ sáúnà, ilé ooru tí a fi ń wẹ̀, lẹ́yìn ilé mi. Ìhòòhò la máa ń wà níbẹ̀, a ó da omi sórí òkúta gbígbóná, a ó sì máa bá ara wa fọ ẹ̀yìn. Onni dé fìlà onírun-àgùntàn nínú ooru yẹn, ó ní kí n ti ilẹ̀kùn dáadáa, ilẹ̀kùn sì rèé ní títì. Mo gbé apá rẹ̀ sókè kí n lè fọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Kò sí irun kankan ní abíyá rẹ̀. Ó ń dán bíi ti ọmọ ọwọ́. Mo wo èkejì, bákan náà ni. Mo yọ́ wo tèmi, igbó kìjikìji. Ọdún kan náà ni wọ́n bí wa.

Láàárín wa, ohun tí ojú bá rí ní sáúnà, ibẹ̀ ló ń parí sí. Bí bàbá mi ṣe kọ́ mi nìyẹn. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi bá ara mi jà. Lọ́jọ́ kẹrin, mo fi mọ́tò gbé Onni lọ sọ́dọ̀ dókítà tuntun, obìnrin kan tó ń jẹ́ Beaudry.

“Dókítà,” ni mo wí, “ẹ bá mi wo abíyá ọ̀rẹ́ mi.”

“Urho, o ò lójútì,” ni Onni sọ, kò sì sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láyé àtijọ́, ẹ̀ṣẹ́ ni ì bá fi dá mi lóhùn.

Dókítà kò rẹ́rìn-ín. Ó wò ó, ó wá béèrè ìgbà tí bàbá fá irùngbọ̀n kẹ́yìn. Onni ronú títí, ó ní abẹ tí Lorna fún òun ní Kérésìmesì èṣí ṣì wà nínú páálí. Dókítà tún béèrè bóyá ó ti forí gbá nǹkan rí. Onni ní rárá o. Ó wá ní àfi ìgbà tí òun já bọ́ láti orí òrùlé, níbi tí òun ti ń kó yìnyín kúrò, tí òun sùn díẹ̀ nílẹ̀ẹ́lẹ̀, tí òun sì wọlé lọ mu kọfí. Ọdún kẹta rèé. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni, torí ọ̀lẹ là ń pe ẹni tó bá ń ráhùn níhìn-ín.

“Ẹ sùn kẹ̀, bàbá?” ni dókítà wí. “Ẹ dákú ni.”

Aago mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́ kejì ni wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, torí àárọ̀ ni ohun tí wọ́n ń wá máa ń pọ̀ jù lára. Ti Onni kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí. Wọ́n ya àwòrán orí rẹ̀ pẹ̀lú. Dókítà ṣàlàyé pé kókó kékeré kan, tí kò ju ẹ̀wà lọ, wà lábẹ́ ọpọlọ, òun ló ń pàṣẹ fún àwọn kókó yòókù nínú ara, ó sì ti fara pa lọ́jọ́ tí Onni já bọ́. Àṣẹ tí kókó náà ń pa nìkan ni wọ́n wò nínú àyẹ̀wò àkọ́kọ́, ó sì dà bíi pé ó pé; wọn ò wò ó bóyá àwọn kókó tó ń pàṣẹ fún ń ṣiṣẹ́. Ó kọ oògùn méjì fún un, ó sì kìlọ̀ pé ọ̀kan gbọ́dọ̀ ṣáájú èkejì, torí bó bá gbé èkejì ṣáájú, ó lè pa á.

Lọ́jọ́ karùn-ún tó bẹ̀rẹ̀ oògùn, Onni fóònù mi ní kùtùkùtù, ó ní ọ̀bọ ni mí, pé ẹnu mi ń jò bí ajere. Inú mi dùn débi pé omijé bọ́ lójú mi.

Nígbà tí Lorna dé pẹ̀lú páálí mẹ́jọ, bàbá rẹ̀ ń la igi lẹ́yìnkùlé. Ó bi ọmọ rẹ̀ pé ta ló fẹ́ kó.

“Dádì, ẹ̀yin lẹ sọ pé kò burú.”

“Àìsàn ló sọ bẹ́ẹ̀. Èmi ò sí ńlé.”

Wọ́n jà títí oúnjẹ fi tutù. Lorna ń sunkún, ó sì ń rẹ́rìn-ín, ó ní ó tó ọdún mẹ́ta tí bàbá òun ti jágbe mọ́ òun kẹ́yìn. Òfìfo ló kó páálí rẹ̀ padà lọ́jọ́ Mọ́ńdè.

Ìròyìn tàn, gbogbo àwa arúgbó sì ní ó ń rẹ̀ wá. Èmi, Reino àti Toivo, a tò lọ sọ́dọ̀ dókítà, a sì gbé apá sókè kó tó béèrè. Ó gba ẹ̀jẹ̀ wa. Nígbà tó pè mí wọlé, mo ti ń fojú inú rí oògùn mi.

“Bàbá Urho, gbogbo ẹ̀ ló pé. Ẹ kàn dàgbà ni.”

Onni ló fi mọ́tò gbé mi lọ, inú rẹ̀ ló jókòó sí tó ń dúró dè mí. Bí mo ṣe sọ fún un, ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Ó ní bẹ́ẹ̀dì tí Lorna ti gbà sílẹ̀ fún òun nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó ṣì ṣófo, ṣé kí òun bá mi fi orúkọ sílẹ̀. Mo bú u títí a fi délé.