Tíì Ọ̀rẹ́ Ìyá Mi

Àbúrò ìyá mi obìnrin, èyí tó ń gbé ní Ìkòròdú, ni ó kọ́kọ́ sọ ìtàn yìí fún mi. Orí àpótí ló jókòó sí nínú ilé ìdáná wa, ó ń bó ọsàn, ó sì sọ ọ́ bí ẹni ń sọ ohun tí gbogbo ayé ti mọ̀. Ìdajì ìtàn náà ni ó mọ̀. Ìdajì kejì, èmi nìkan ni mo mọ̀ ọ́n, n kò sì tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni títí di òní tí mo jókòó tì yín yìí.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ìyá mi. Olùkọ́ èdè Yorùbá ni kó tó fẹ̀yìn tì, kì í sì í ṣe irú olùkọ́ tó ń fi iṣẹ́ sílẹ̀ sí kíláàsì kó tó máa bọ̀ nílé. Lójú tirẹ̀, ẹni tó bá fi èdè ẹlòmíràn pe ohun tí Yorùbá ní orúkọ fún, ọ̀lẹ ni. Bí o bá pè é ní "Mọ́mì", kò ní dáhùn. Bí o bá ní firíìjì, á ní ẹ̀rọ amómitutù. Nígbà tí ọmọ mi àkọ́kọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ̀rọ̀ sọ, tó juwọ́ sí i lẹ́nu ọ̀nà pé "báì-báì", ńṣe ló dá ọmọ ọlọ́dún méjì dúró. Ó ní, "Ó dàbọ̀. Ó dàbọ̀ là ń wí." Ọmọ náà sunkún. A fi ìyẹn ṣe ẹ̀rín nílé wa fún ọdún púpọ̀.

Ìsàlẹ̀ ilé wa ní Yábàá ló ń gbé, èmi àti ìyàwó mi àtàwọn ọmọ wà lókè. Lẹ́yìn òjò ọdún tó kọjá, àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lù ú. Apá òsì kọṣẹ́, ọ̀rọ̀ wá di ẹyọ kọ̀ọ̀kan lẹ́nu ẹni tó ń sọ ọ̀rọ̀ bí odò. Oúnjẹ ò wọlé mọ́. Dókítà ní ká má dààmú ara wa, ohun tó bá ṣáà ti béèrè, ká wá a fún un, torí kò jọ pé yóò pẹ́ lọ títí. Ohun kan ṣoṣo ló sì ń béèrè.

"Tíì," ó ní. "Tíì ọ̀rẹ́ mi."

Ẹ̀yin náà mọ bí ọ̀rọ̀ tíì ṣe rí lẹ́nu wa. Ẹni tó po ìyẹ̀fun kòkó inú agolo, tíì ló mu. Ẹni tó ki àpò kékeré olókùn bọ omi gbígbóná, tíì ló mu. Ewé tí a ń sè fún ibà, ewé tíì ni. Ìyẹn nìkan tó ìyọnu. Ṣùgbọ́n ti ọ̀rẹ́ ló le jù.

"Ọ̀rẹ́ yín wo, Màmá?"

Ó wò mí bó ṣe máa ń wò mí láyé àtijọ́ bí mo bá kọ̀wé láìfi àmì sí i. "Ọ̀rẹ́ mi. Ìwọ náà mọ̀ ọ́n."

Ẹ wo èdè wa bó ṣe rí. "Ó" kò sọ bóyá ọkùnrin ni, kò sọ bóyá obìnrin ni. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé ní Sùúrùlérè jókòó, a kọ orúkọ gbogbo ọ̀rẹ́ ìyá wa tó ṣì wà láyé sínú ìwé. Obìnrin ni gbogbo wọn. Kò tilẹ̀ wá sí wa lọ́kàn pé ó lè jẹ́ ọkùnrin.

Wọ́n ti tọ́ wa pé bí a bá fẹ́ gbé ohun mímu fún àgbà, a ó kọ́kọ́ tọ́ ọ wò lójú rẹ̀. Nítorí náà, gbogbo tíì tí ìyá mi fi kan ẹnu lóṣù náà, ẹnu tèmi ló gbà kọjá. Ahọ́n mi kò tíì gbàgbé ọ̀kan nínú wọn.

Ẹni àkọ́kọ́ ni nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìn tì, tí wọ́n jọ ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà ní Sùúrùlérè. Ó gbé fúláàsì wá fúnra rẹ̀. Ewé tíì ni, pẹ̀lú atalẹ̀, kò sí mílíìkì. Ó mọ́ bí omi òjò, atalẹ̀ rẹ̀ sì rọra ń jó ni lẹ́yìn ahọ́n bí ìgbà tí àgbà bá ń báni wí láìpariwo. Mo rò pé a ti rí i. Ìyá mi mu ẹnu kan.

"Ẹ ṣeun. Kì í ṣe ti ọ̀rẹ́ mi."

Ọ̀rẹ́ ọgbọ̀n ọdún ló jókòó síwájú rẹ̀ tó gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn. Ó ti fúláàsì rẹ̀ pa, ó ní òun ní ìpàdé. Kò padà wá mọ́.

Ẹnì kejì, ní Mùṣín, obìnrin opó kan tí ọkọ rẹ̀ ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní ọjà Ládìpọ̀ títí ó fi kú. Tirẹ̀ ní èèrù, ó ní kànáfùrù, ó ní ata gan-an. Imú mi ṣí, omi dà lójú mi, gbogbo òógùn tó ti há sí mi lára láti ọjọ́ márùn-ún jáde. Ìyá mi tọ́ ọ wò.

"Ọbẹ̀ ni èyí," ó ní. "Ẹ fi ẹja sí i."

A rẹ́rìn-ín, òun náà fi ìdajì ẹnu rẹ́rìn-ín. Mo dúpẹ́ fún ẹ̀rín yẹn. Ṣùgbọ́n kò mu ún.

Ẹ̀gbọ́n mi wá gbé tirẹ̀ dé, tíì àwọn ará Íńdíà tí ẹnì kan bá a rà bọ̀ láti òkè òkun. Hóró kan wà nínú rẹ̀ tó fara jọ ataare ṣùgbọ́n tí kì í ta. Ó ń ta sánsán bí àpótí aṣọ ìyàwó tuntun. Èmi fẹ́ràn rẹ̀. Ìyá mi ní ó ń rùn bí ilé ìwòsàn.

Inú bí ẹ̀gbọ́n mi, orí mi ló sì sọ ọ́ kà. "Ìwọ tí o ń gbé orí wọn níbí, o ò mọ ọ̀rẹ́ wọn!"

"Àǹtí, ẹ̀yin ni obìnrin. Ẹ̀yin ni wọ́n máa ń bá sọ̀rọ̀."

"Gbẹ́nu ẹ sọ́hùn-ún. Akọ̀wé àdúgbò! O mọ ẹni tó da ìdọ̀tí sí gọ́tà, o mọ ẹni tí kò san owó ẹ̀ṣọ́, o ò mọ ẹni tí ìyá ẹ ń bá mu tíì."

Òótọ́ ni pé èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn onílé ní òpópónà wa. Mo ti ń ṣe é bọ̀ ọjọ́ pẹ́, mo sì ń ṣe é dáadáa. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Lẹ́yìn ìjà yẹn, mo wọ ọ̀kan nínú àwọn ṣọ́ọ̀bù tí àwọn ọ̀dọ́ ayé kọ̀ǹpútà ṣí sí Yábàá, ibi tí kálukú ti ń tẹjú mọ́ ẹ̀rọ rẹ̀ bí ẹni ń gbàdúrà.

"Ẹ káàsán, Dádì. Kí ni ká gbé wá?"

"Tíì tó ní èròjà ni mò ń wá, ọmọ mi."

"Ẹ̀n-ẹ́n, ṣáì! A ní onímílíìkì, a ní oníyìnyín."

"Tíì oníyìnyín?"

"Ó máa ń dùn gan-an, sà. Ẹ má wọ̀rí."

Onímílíìkì ni mo rà. Ó dùn, mi ò ní parọ́, ṣùgbọ́n adùn rẹ̀ ò dúró síbì kan; kó o tó gbé e mì, ó ti lọ. Fóòmù bò ó lójú bámúbámú. Nígbà tí mo gbé e dé ọ̀dọ̀ ìyá mi, kò tilẹ̀ tọ́ ọ wò. Ọ̀rọ̀ kan péré ló sọ: "Ọṣẹ."

Lọ́jọ́ yẹn ni mo rí ife rẹ̀. Ife tánganran funfun kan tó ní ọmọrí ni, ó so ó kọ́ ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Inú ife náà ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ìgbà tí wọ́n fi ń po osùn. Mo gbé e sí imú, kànáfùrù ni mo gbọ́. Mo rò ó pé bóyá àgbo ló fi ń mu. Mo so ó padà.

Ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e ni àbúrò ìyá mi dé láti Ìkòròdú. Ó bá ewé, atalẹ̀ àti àpò tíì oríṣiríṣi lórí tábìlì.

"Ṣé ẹ fẹ́ ṣí ilé elégbòogi ni?"

"Tíì ọ̀rẹ́ wọn ni wọ́n ń béèrè, Àǹtí. A ò mọ ọ̀rẹ́ náà."

Ó bú sẹ́rìn-ín, ọsàn fẹ́rẹ̀ẹ́ há a lọ́fun. "Ẹ̀yin ọmọ yìí! Ìgbà wo lo gbọ́ 'àbókí' lẹ́nu ẹ̀gbọ́n mi rí?"

"Àbókí báwo?"

"Kí ni àbókí lédè Haúsá? Ọ̀rẹ́ kọ́? Wọ́n bi í lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó túmọ̀ rẹ̀ fún wọn, ó di ọ̀rẹ́ lẹ́nu wọn. Àbókí oníṣáyì, èyí tó ń ta tíì ní ìkòríta yín níbí ni. Bí ẹ bá ti lọ síbi iṣẹ́ tán, wọ́n á mú ife wọn, ó di orí bẹ́ǹṣì rẹ̀. Èmi náà ti bá wọn mu níbẹ̀. Òun ń kọ́ wọn ní Haúsá, àwọn ń kọ́ ọ ní Yorùbá bí ẹni ń kọ́ ọmọ iléèwé." Ó ju èèpo ọsàn sínú àwo. "Òun ńkọ́? Mi ò rí i bí mo ṣe ń bọ̀."

Ibi tí ìdajì tirẹ̀ parí sí nìyẹn. Tèmi nìyí.

Kí àìsàn tó kọ lu ìyá mi, ní ìpàdé àwọn onílé, wọ́n ní èéfín èédú àbókí pọ̀ jù, wọ́n ní àwọn tó ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì rẹ̀ ń wo inú ọgbà wa. Kò sí ẹni tó lè sọ ohun tó sọ nù. Síbẹ̀ a fọwọ́ sí i pé kó kúrò níbẹ̀, èmi ni mo kọ lẹ́tà, èmi ni mo mú un lọ. Àbókí kò mọ̀wé kà, èmi náà ni mo kà á fún un: ọjọ́ méje. Kò bá mi jà. Ó bi mí bóyá n óò mu ṣáyì, mo ní rárá.

Lọ́jọ́ keje, mò ń wa ọkọ̀ jáde láàárọ̀, ó ń di kẹ́tùlù àti bẹ́ǹṣì rẹ̀ sínú bárò. Ó sáré wá sí ojú fèrèsé mi. "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún Màmá pé ó dàbọ̀."

Mo rántí pé ó yà mí lẹ́nu díẹ̀. Gbogbo Èkó ló ń sọ báì-báì, òun ní ó dàbọ̀, ó sì gbé ohùn rẹ̀ síbi tó yẹ gẹ́lẹ́. Ṣùgbọ́n ìyá àgbà wo ni kì í ṣe Màmá ní Èkó? Mo ní, "Wọ́n á gbọ́." Mo gbé fèrèsé sókè, mo sì lọ.

Ìyá mi yóò ti mú ife rẹ̀ jáde lọ́jọ́ kejì, yóò ti bá ilẹ̀ gbígbá mọ́ níbẹ̀. Kò bi mí léèrè ohunkóhun. Ó so ife kọ́ ìṣó.

Lẹ́yìn tí àbúrò ìyá mi sọ̀rọ̀ tán, mo wá àbókí lọ. Ní Sábó, wọ́n ní ó ti lọ sí Ojú Ẹlẹ́gbà. Ní Ojú Ẹlẹ́gbà, wọ́n ní ó ti padà sí ìlú rẹ̀. Oníṣáyì mìíràn ni mo bá níbẹ̀. Mo dúró tì í títí ó fi sè é: ewé tíì dúdú, atalẹ̀, kànáfùrù, mílíìkì agolo, ṣúgà tí mi ò lè kà. Ó ń dà á láti ife sí ife, láti òkè réré, títí ó fi ru. Mo tọ́ ọ wò. Ó dùn lókè, ó korò nísàlẹ̀, ìkorò náà ló sì pẹ́ lẹ́nu. Ìgbà yẹn ló tó yé mi pé ọ̀rọ̀ kan náà ni ṣáì àwọn ọ̀dọ́ yẹn àti ṣáyì àbókí. Èmi ti lọ rà á nínú ṣọ́ọ̀bù ẹlẹ́rọ amúlétutù lẹ́yìn tí mo lé e kúrò lẹ́nu ọ̀nà mi.

Inú ife tánganran ni mo bù ú sí fún ìyá mi. Ó mu ún. Ó di ojú, ó tún mu ún.

"Ó jọ ọ́," ó ní.

Ó mu ún dé ìdajì. Ìdajì yẹn ló pọ̀ jù nínú ohun tó wọ inú rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ méjì. Lẹ́yìn náà ó ṣíjú wò mí.

"Òun ńkọ́? Kò tilẹ̀ kí mi pé ó dàbọ̀."

Ó wà lẹ́nu mi. Mo fi Ọlọ́run ṣe ẹlẹ́rìí, ó ti dé etí ètè mi. Ṣùgbọ́n bí mo bá jẹ́ iṣẹ́ náà, mo gbọ́dọ̀ sọ ibi tí mo ti gbà á, mo gbọ́dọ̀ sọ ohun tó gbé àbókí dé ẹ̀gbẹ́ bárò láàárọ̀ yẹn. Mo ní, "Ó ń bọ̀, Màmá. Ó ní òun ń bọ̀ wá kí yín."

Ó wò mí pẹ́. "Ìwọ náà mọ̀ ọ́n," ó ní, bó ti wí lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ó yí ojú sí ògiri. Bóyá ó ti mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, bóyá kò mọ̀, n kò lè bi í mọ́. Ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn náà ni a pàdánù rẹ̀.

Ife náà ṣì wà lórí ìṣó. Àbókí ti lọ, ìyá mi ti lọ, iṣẹ́ tí wọ́n rán mi ṣì wà lẹ́nu mi, ó korò ju gbogbo tíì tí mo tọ́ wò lọ. Ẹ̀yin tí ẹ jókòó gbọ́ mi títí dé ibí, ta ni kí n wá jẹ́ ẹ fún?