Igbá Tuntun Abẹ́ Bẹ́ẹ̀dì Ìyá Ọkọ Mi

Ọkọ mi kì í ṣe ẹni tó ń gbé ìyàwó rẹ̀ jáde. Láti ìgbà tó ti fẹ́ mi wá sí Ṣakí, a ò tí ì jọ lọ síbì kankan àfi ibi tí wọ́n ti bímọ tàbí ibi tí ẹnì kan ti kú. Nítorí náà, lọ́jọ́ tó jẹun tán, tó ń fi igi tayín, tó wá ní, "Ìyá Ìbejì, ó ti rẹ̀ ọ́ jù. Jẹ́ ká lọ sùn ọjọ́ méjì lẹ́bàá dáàmù Ìkéré, ká lọ gba atẹ́gùn," ńṣe ni mo gbé ṣíbí ọwọ́ mi sílẹ̀, mo wò ó.

"Atẹ́gùn wo ni kò sí ní Ṣakí?"

"Atẹ́gùn omi ni," ló wí, ó sì gbójú kúrò lójú mi.

Ìgbójúkúrò yẹn ni mo kọ́kọ́ mú. Àwọn èèyàn mi máa ń sọ pé mo fura jù, pé bí wọ́n bá fún mi lómi, màá kọ́kọ́ wo ìdí ife. Òótọ́ ni. Pańsá ò fura, pańsá já síná; àjà ò fura, àjà jìn. Èmi ò ṣetán àtijìn.

Mo sì ní ìdí tí mi ò fi fẹ́ rìnrìn àjò kankan. Olùkọ́ ni mí nílé ìwé girama ìjọba, àsìkò ìdánwò la sì wà. Ọwọ́ mi ni kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n ń kó ìwé ìdánwò sí wà. Máàkì àwọn ọmọ tí mo ti kọ sínú ìwé, wọ́n tún ní kí n tẹ̀ ẹ́ sórí kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà tí kì í tàn àfi tí wọ́n bá tan jẹnẹrétọ̀, jẹnẹrétọ̀ tí kì í tàn àfi tí inú rẹ̀ bá dùn. Bí mo bá délé, gbodo wà lórí àpáta ẹ̀yìn ilé. Iṣu tí a bọ̀ tí a sì sá sóòrùn láti fi ṣe èlùbọ́ ni gbodo, èèyàn ò sì gbọdọ̀ fi í sílẹ̀ kí ìrì sẹ̀ sí i tàbí kí ewúrẹ́ ará àdúgbò sọ ọ́ di oúnjẹ. Ìyá ọkọ mi ló ni gbodo, èmi ni mo ni ẹ̀yìn tó ń bẹ̀rẹ̀ kó o.

Èyí tó tún wúwo jù lọ́kàn mi ni ìyá tèmi. Ó ń dá gbé ní Ijio, lẹ́bàá ẹnubodè níbi tó ti ná ọjà títí eegun rẹ̀ fi kọ̀. Èmi nìkan ló bí. Lẹ́nu àìpẹ́ yìí ló gbé ìkòkò kaná, tó gbàgbé, tó lọ kírun, àfìgbà tí aládùúgbò kígbe. Mo bẹ̀ ẹ́ títí pé kó máa bọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ìdáhùn kan náà ló ń fún mi: "Kí n di ẹrù, kí n kó lọ bá ọmọ mi nílé ọkọ? Kí n máa jókòó ti àna? Ọlọ́hun má jẹ̀ẹ́ n rí i." Alaalẹ́ ni mo ń pè é láti mọ̀ bóyá ó ti paná.

Mo ní kí n lo ọ̀gá wa nílé ìwé láti bọ́ nínú ìrìn àjò náà. Obìnrin yìí kì í fún èèyàn láyè àtilọ sin òkú. Mo mọ̀ pé tí mo bá ti tọrọ àyè, yóò kọ̀, màá sì lọ fi kíkọ̀ rẹ̀ han ọkọ mi. Mo wọlé, mo kí i, mo sọ tẹnu mi.

"Ẹ máa lọ jàre, Ìyá Ìbejì," ló wí, ó ń rẹ́rìn-ín. "Kí ẹ̀yin àti Bàbá Ìbejì lọ gbádùn omi."

Mo dé ẹnu ọ̀nà kó tó sọ sí mi lọ́kàn. Mi ò sọ fún un pé èmi àti ọkọ mi ni. Mi ò sì dárúkọ omi rárá.

Mo délé, mo sọ fún ìyá ọkọ mi pé ìrìn àjò ti fẹ́ bọ́ sí i, ṣùgbọ́n ta ló máa kó gbodo? Obìnrin tó jẹ́ pé lọ́jọ́ tí mo ń rọbí ìbejì, òun ló ń bi mí láàárín ìrora bóyá mo ti da nǹkan bo gbodo. Ó ní, "Gbodo kẹ̀? Èmi á kó o. Ẹ ṣáà máa lọ."

Bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í la ojú mi sílẹ̀.

Yàrá ẹ̀yìn tí a ń kó èlùbọ́ sí, mo bá ẹnì kan tó ń kun ọ̀dà níbẹ̀. Ọkọ mi ní kòkòrò ló fẹ́ lé. Ta ló ń kun yàrá èlùbọ́ ní ọ̀dà aláwọ̀ ewé? Lọ́jọ́ kejì, ẹní tuntun kan dé, wọ́n ká a sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, mo ń bọ̀ láti ilé ìwé, mo gbọ́ ohùn ọkọ mi lẹ́yìn fèrèsé, ó ń bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ lórí fóònù: "Ó ti gbà, Alihamudulilai. Ṣùgbọ́n Ìyá Ìbejì ò gbọdọ̀ gbọ́ títí a ó fi kúrò nílé." Nígbà tí mo wọlé, ó ń bú iná mànàmáná.

Kódà ìyá mi náà yí padà. Mo pè é lálẹ́ yẹn, ó dá mi lóhùn kíákíá bí ẹni tí wọ́n ń dúró dè. Ó ní kí n má wulẹ̀ pe òun lọ́jọ́bọ̀, òun máa wà ní wàásí. Ọjọ́bọ̀ la fẹ́ lọ sí Ìkéré. Wàásí wo ni wọ́n ń ṣe ní Ijio lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀? Mo rò pé ara rẹ̀ ni kò yá tó ń fi pamọ́ fún mi. Mo fi ìyẹn lé èyí tó wà nílẹ̀.

Ọjọ́rú ni mo ń gbálẹ̀ yàrá ìyá ọkọ mi. Mo ti ìgbálẹ̀ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó kan nǹkan. Mo fà á jáde. Wọ́n fi aṣọ funfun wé e. Igbá ni, igbá tuntun, tí ẹnikẹ́ni ò tí ì fi bomi rí.

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mo mọ ohun tí wọ́n ń fi igbá tuntun ṣe. Ní agbolé tiwa, bí ìyàwó bá ń wọlé, wọ́n á da omi tútù sí i lẹ́sẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á da igbá tuntun délẹ̀ níwájú rẹ̀, á fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ fọ́. Iye èéfọ́ tó bá já sí, iye ọmọ tó máa bí nìyẹn. Wọ́n fọ́ tèmi náà. Nǹkan kejì tó sì wà nínú àṣà yẹn ni pé ọkọ ìyàwó kì í sí nílé. Eèwọ̀ ni kí ìyàwó tuntun wọlé bá a. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé mi wá, ilé ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni ọkọ mi ti ń jẹ ẹ̀bà títí wọ́n fi fọ́ igbá mi tán.

Nísinsìnyí, ó fẹ́ lọ gba atẹ́gùn omi.

Gbogbo rẹ̀ wá tò lójú mi. Yàrá ti wà. Ẹní ti wà. Igbá ti wà. Ọkọ ìyàwó máa kúrò nílé bó ṣe yẹ, ó sì máa mú ìyáálé dání kó má baà da ilé rú. Wọ́n kúkú ti sọ ọ́ pé òrìṣà jẹ́ n pé méjì, obìnrin ò dénú. Kì í ṣe pé mi ò mọ̀ pé ẹ̀sìn wa fún ọkùnrin láyè. Ohun tó dùn mí ni pé ìyá ọkọ mi, tí mo ń bẹ̀rẹ̀ kó gbodo fún, ló ń tọ́jú igbá. Mo lè bi wọ́n léèrè. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá béèrè, irọ́ ni wọ́n á fi dá a lóhùn. Mo fẹ́ ká wọn mọ́ ọn. Mo dá igbá padà síbi tó wà, mo gbálẹ̀ tó kù.

Lọ́jọ́bọ̀, a dé gáréèjì. Ọkọ̀ Ìsẹ́yìn tó máa gbé wa dé ọ̀nà dáàmù ń dúró de èrò. Mo ti fi báàgì mi sẹ́yìn ọkọ̀ kí n tó lu àyà mi pé, "Kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù ìdánwò! Ó wà lọ́wọ́ mi!" Òótọ́ ni, ó wà lọ́wọ́ mi. Mo ti mọ̀ láti àárọ̀.

Ọkọ mi dìde gìrì. "Mú un wá, kí n fi rán ọlọ́kadà."

"Kọ́kọ́rọ́ ìjọba? Ọlọ́kadà?"

"Kí èmi gbé e lọ nígbà náà."

"Ṣé ìwọ ni ọ̀gá mi mọ̀ ni?" Mo ti gun ọ̀kadà. Mo bojú wẹ̀yìn, mo rí i tó ń wá fóònù nínú àpò méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Mi ò ya ilé ìwé. Ẹ̀yìn ilé wa ni mo ní kí ọlọ́kadà já mi sí. Mo gun àpáta, mo ba mọ́lẹ̀ lẹ́bàá gbodo tó ń gbẹ. Àpáta náà ga, ó sì yọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé; láti ibẹ̀, èèyàn ń wo ẹnu ọ̀nà wa kedere. Àwọn ìyàwó ilé kan ti wà níbẹ̀ pẹ̀lú kete omi. Ìyá ọkọ mi wọ aṣọ òfì rẹ̀ tí kì í wọ̀ àfi lọ́jọ́ ọdún. Igbá wà nílẹ̀, wọ́n ti dojú rẹ̀ dé. Ọkọ̀ kan dúró. Wọ́n mú obìnrin kan sọ̀ kalẹ̀, wọ́n fi aṣọ funfun bò ó lórí títí dé àyà.

Mo tú gèlè mi, mo fi di ìbàdí. Mo ní lónìí ni Ṣakí máa mọ̀ pé mo wà ńbẹ̀.

Obìnrin náà gbé ẹsẹ̀. Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ń fà díẹ̀ nílẹ̀. Mo tún wo ọwọ́ rẹ̀, mo rí i pé ó gbá búta ìṣàlùwàlá kan mọ́ra, búta aláwọ̀ pupa tí ìdérí rẹ̀ ti sọnù, tí wọ́n fi ife ògì dé.

Èmi ni mo ra búta yẹn. Ìyá mi ló ni ín.

Mo tún ba mọ́lẹ̀ lẹ́bàá gbodo.

"Ṣé kò sí nílé lóòótọ́?" Ohùn ìyá mi ni, lábẹ́ aṣọ. "Mo ti sọ fún yín. Mi ò fẹ́ kí ọmọ mi rí mi pẹ̀lú ẹrù lẹ́nu ọ̀nà ọkọ rẹ̀."

"Kò sí nílé," ìyá ọkọ mi dá a lóhùn. "A ti lé wọn lọ síbi omi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ lójú gbogbo èèyàn, kí ó má baà sí ẹni tó máa sọ ọ́ lẹ́yìn. Obìnrin yìí ò wá gbé ilé àna. Èmi ni mo fẹ́ ẹ. Ìyàwó mi ni, bí a ṣe ń gba ìyàwó ni mo sì ṣe ń gbà á. Ẹ da omi."

Wọ́n da omi. Àwọn obìnrin ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń nu ojú. Ìyá mi gbé ẹsẹ̀ lé igbá, igbá ò fọ́. Ó ti gbẹ jù, kò wúwo tó. Ó tún tẹ̀ ẹ́, kò fọ́. Ìyá ọkọ mi bọ́ bàtà, ó di ìyá mi lọ́wọ́ mú, ó gbé ẹsẹ̀ tirẹ̀ lé orí ẹsẹ̀ rẹ̀, àwọn méjèèjì jọ tẹ̀ ẹ́. Igbá fọ́.

"Ẹ kà á, ẹ wo iye ọmọ tí mo máa bí," ni ìyá mi wí, ẹ̀rín sì gba gbogbo àgbàlá.

Mo fẹ́ sáré sọ̀ kalẹ̀ lọ dì mọ́ wọn. Ṣùgbọ́n nǹkan kan ṣoṣo ni ìyá mi béèrè lọ́wọ́ wọn, ìyẹn ni pé kí ojú mi má rí i. Mo ki gèlè bọ ẹnu kí wọ́n má gbọ́ ẹkún mi, mo gba ẹ̀yìn àpáta sọ̀ kalẹ̀.

Ọkọ mi ṣì dúró ní gáréèjì, òógùn ti bò ó. "O délé ni?"

"Kí ni mo fẹ́ lọ ṣe nílé? Ọ̀nà ilé ìwé ni mo lọ." Ó mí kanlẹ̀. Mo ra ẹ̀pà sísè, mo ń bó o fún un lọ́kọ̀ọ̀kan títí a fi kọjá Òkèhò. Ó ń wò mí tìfura-tìfura. Ó wá kan òun náà láti fura. Kọ́kọ́rọ́ ìjọba sì bá wa lọ wo omi, torí pé ibẹ̀ ni mo tó rántí pé mi ò dá a padà, ọ̀gá wa sì pè mí títí ohùn rẹ̀ fi há.

Ní gbogbo ọ̀nà àbọ̀, mo ń kọ́ bí màá ṣe yanu, bí màá ṣe gbé ọwọ́ lérí pé, "Ha! Ta ni mo rí yìí?" Ìrọ̀lẹ́ la dé. Àwọn ìyá méjèèjì wà lórí àpáta, wọ́n ń kó gbodo sínú apẹ̀rẹ̀. Ìyá mi rí mi. Ó nà dìde, ó tún ìborùn rẹ̀ ṣe, ó rọra sọ̀ kalẹ̀ wá bá mi. Mo la ẹnu mi bí mo ṣe kọ́ ọ. Kí ohùn tó jáde, ó kúnlẹ̀ níwájú mi bí ìyàwó ọ̀ṣìngín.

"Ìyáálé mi," ló wí, "ẹ kú àbọ̀ o. Èmi ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wọlé."

Gbogbo ohun tí mo kọ́ fò lọ. Mo wó kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, mo bú sẹ́kún, mo ń sọ pé, "Ẹ káàbọ̀, ẹ káàbọ̀, ẹ káàbọ̀ sílé." Ọkọ mi dúró tòun ti báàgì lórí, kò mọ ibi tó máa wò.

Ìyá ọkọ mi ò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn. "Ẹ̀yin ìyàwó mi méjèèjì," ló ké láti orí àpáta, "ẹ dìde ńlẹ̀ yẹn, ìrì ti ń sẹ̀ sí gbodo."