Ilà Kan Tí Wọn Ò Kọ Tán

Mẹ́rin-mẹ́rin ni wọ́n ń kọ ilà ní agbo ilé wa: mẹ́rin lẹ́rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, mẹ́rin lẹ́rẹ̀kẹ́ òsì. Tèmi ò pé. Nígbà tí olóòlà dé orí ìkẹrin lápá òsì, mo já mọ́ ọn lọ́wọ́, mo sá wọ abẹ́ ibùsùn ìyá bàbá mi, n ò sì jáde títí ó fi palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́. Ó ní òun á padà wá parí rẹ̀. Ó kú kó tó dé. Bóyá àdúà mi ló gbà, ẹ má bi mí.

Ọ̀rẹ́ mi kan wà, káfíńtà ni. Láti ìgbà tí irun orí wa ṣì dúdú la ti jọ ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wa ní mọ́ṣáláṣí. Kò jẹ́ kí n gbàgbé ọ̀rọ̀ yìí rí. "Aláàbọ̀-ilà" ló máa ń pè mí.

Lọ́dún tó kọjá, àwọn ọlọ́pàá ń wá ọkùnrin kan tó fìbọn jalè, tó sì sá lọ. Wọ́n ní ẹni tó bá mú un wá yóò gba owó ńlá. Àwòrán rẹ̀ ń ti orí fóònù kan dé òmíràn. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, níwájú ṣọ́ọ̀bù ọ̀rẹ́ mi yìí, ó na fóònù rẹ̀ sí mi. Irú ilà agbo ilé wa gan-an nìyẹn, mẹ́rin-mẹ́rin, pẹ̀lú irùngbọ̀n funfun bíi tèmi.

"Ìwọ ọkùnrin yìí, rọra máa rìn o," ló wí. Ó wá fi ìka kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi òsì. "Àmọ́ tìẹ ò kúkú pé. Olè wo ló ń sá fún abẹ?"

A rẹ́rìn-ín, mo bá gba oko mi ní Alajue lọ.

Nígbà tí mo ń bọ̀ lọ́sàn-án, bí mo ṣe sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà ní ibùdó àwọn ọlọ́kadà báyìí, ọwọ́ kan gbá mi lọ́rùn mú. Kí n tó ní kí ló dé, mo ti wà nílẹ̀, wọ́n ti fi okùn dè mí lọ́wọ́, àwọn ọlọ́kadà ti yí mi ká.

"Èmi ni mo kọ́kọ́ dì í mú!"

"Ta ló gbé e dé ibí? Ṣebí ọ̀kadà mi ló gùn! Ìdajì ni tèmi."

"Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ lù ú ná."

"Ṣé orí ẹ pé? Tó bá kú, ta ló máa sanwó? Bàbá, ẹ má mira. Owó ni yín."

Ẹ gbọ́ o! Wọ́n ń pè mí ní bàbá, wọ́n sì ń so mí bí àgbò iléyá. Mo fẹ́ fi ohùn ọkùnrin sọ̀rọ̀, ohùn adìyẹ ló jáde. Ṣòkòtò mi ti tutù. Ẹnìkan mú táyà dání lẹ́yìn wọn, mo sì mọ ohun tí wọ́n ń fi táyà ṣe fún olè.

Ìgbà náà ni mo rí ọ̀rẹ́ mi láàárín wọn. Ọkàn mi balẹ̀ wọ̀ọ̀. "Alihamudulilahi! Ọ̀rẹ́ mi, sọ fún wọn!"

Kò wojú mi. Ọlọ́kadà kan ló dáhùn: "Kí ni kí wọ́n sọ? Ṣebí bàbá káfíńtà yìí ló pè wá pé ẹ ń bọ̀ láti Alajue."

Ara mi wá tutù ju ṣòkòtò mi lọ. Ọkùnrin yìí mọ̀ pé kì í ṣe èmi. Ìka rẹ̀ ló fi kan àlàfo ilà mi láàárọ̀.

N ò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá sí mi lẹ́nu. "Ẹ ka ilà mi!" ni mo ké. "Ẹ kà á!"

Ìyá kan tó ń ta epo pupa nítòsí já fóònù gbà lọ́wọ́ ọ̀kan nínú wọn, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó gbé àwòrán náà ti ojú mi, ó ń fi ìka elépo tọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi òsì. "Ení, èjì, ẹ̀ta..." Ó wá ìkẹrin títí. "Ẹ tú bàbá yìí sílẹ̀ kíá! Kì í ṣe òun!"

Wọ́n tú mi, wọ́n dọ̀bálẹ̀. Ọ̀kan ní òun á gbé mi délé lọ́fẹ̀ẹ́. Mo fẹsẹ̀ rìn.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, ọ̀rẹ́ mi wá dúró lápá òsì mi ní mọ́ṣáláṣí bó ṣe máa ń ṣe. Nígbà tí a yíjú sí ọ̀tún láti fi sálámà parí ìrun, mo mọ̀ pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi òsì ló kọjú sí i, pẹ̀lú àlàfo ibẹ̀. Nígbà tí a yí sí òsì, ẹ̀yìn orí rẹ̀ nìkan ni mo rí, òógùn bò ó.

Mo dúró kí ó pè mí ní Aláàbọ̀-ilà. Kò pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́ títí dòní.