Jẹ́ Kó Jókòó Lórí Ahọ́n

"Má tíì gbé e mì. Jẹ́ kó jókòó lórí ahọ́n rẹ ná."

Ìyá tó bí bàbá mi ló ń bá mi sọ̀rọ̀, ègé ẹ̀kọ tútù sì wà lẹ́nu mi. Ibà ṣẹ̀ṣẹ̀ fi mí sílẹ̀ nígbà náà, ó ku ọ̀fìnkìn. Oúnjẹ ò wù mí jẹ mọ́. Egungun ọrùn mi ti yọ, màámi sì ti ń lọ sunkún lẹ́yìn ilé. Ẹ̀kọ gbígbóná tí wọ́n ń bù sí mi lẹ́nu ò yàtọ̀ sí omi gbígbóná.

Ìyá àgbà kì í fipá bọ́ ọmọ. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, wọ́n ro ẹ̀kọ àgbàdo oko wa ní ìlú Kúta. Gbogbo ilé ló ń gbóòórùn rẹ̀, àfi èmi. Nígbà tí mo kọ̀ ọ́, wọ́n fi ewé eéran dì í, wọ́n gbé e sílẹ̀. Ìgbà tí wọ́n kírun Aláásárì tán ni wọ́n tó tú u.

"Báwo ló ṣe rí?"

"Ó kan díẹ̀, Màmá. Ó dùn."

"Èyí tó o kọ̀ láàárọ̀ ńkọ́?"

"Kò ní adùn kankan."

"Ṣé ìkòkò méjì ni mo gbé kaná ni, ọkọ mi?"

Mo wo ewé, mo wo ojú wọn. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń fi ahọ́n tẹ ègé tiwọn mọ́ àjà ẹnu, nítorí eyín ò fi bẹ́ẹ̀ sí níbẹ̀ mọ́.

"Imú ló ń bá wa jẹ èyí tó gbóná, tìẹ sì dí. Èyí tó tutù, tó dì, kì í sáré. Bó ṣe ń yọ́ ló ń sọ ara rẹ̀ fún ahọ́n. Àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Èmi náà ò kúkú wọnú ẹ̀kọ rí."

Mo jẹ ẹ́ tán, mo lá ewé. Màámi gbọ́ ìró ewé, wọ́n yọjú.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀fìnkìn mú ọmọ tèmi náà. A wọ kẹ̀kẹ́ lọ sọ́sibítù, wọ́n fún un lóògùn, síbẹ̀ ó ń ti ṣíbí dànù. Kí n má purọ́, àyà mi já. Ẹ̀wù rẹ̀ ti ń tóbi jù ú. Mo ro ẹ̀kọ kó ki, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé títí ó fi tutù, mo wá fi bíńtín sí i lórí ahọ́n. Ó fajú ro, ó wá ṣe bí ẹni tó ń tẹ́tí sí nǹkan.

Mi ò rántí ohùn ìyá àgbà dáadáa mọ́. Sùúrù wọn ló kù sí mi lọ́wọ́. Mi ò ní kó gbé e mì. Mo jókòó tì í, ṣíbí wà lọ́wọ́ mi, títí òun fúnra rẹ̀ fi la ẹnu.