Ọgbẹ́ tí a Fi Pamọ́ fún Ìyá Ọkọ Mi

Èmi kì í ṣe ẹni tó mọ̀ ọ́n dákẹ́. Ìyá tó bí mi ní Òwu-Ìsin a máa sọ pé bí wọ́n bá fi ẹ̀kọ gbígbóná dí mi lẹ́nu, màá kọ́kọ́ sọ tẹnu mi tán kí n tó gbé e mì. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wọ ilé ọkọ ní Òmù-Àrán, ohun kan wà tí wọ́n fi pa mí lẹ́nu mọ́, mo sì gbà. Wọ́n ní n kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ìyá ọkọ mi mọ̀ láé pé ọmọ rẹ̀ fara gbọgbẹ́ lójú ogun.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ló hùmọ̀ irọ́ náà. Nígbà tí ogun abẹ́lé bẹ̀rẹ̀, ọkọ mi ti wà nínú iṣẹ́ sójà ní Kàdúná. Ìyá wọn ò jẹun mọ́, kò sùn mọ́, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì ń ru. Ni ẹ̀gbọ́n bá sọ fún un pé wọn ò gbé àbúrò òun lọ sójú ogun rárá, pé inú sítọ́ọ̀ ni wọ́n fi í sí, bàtà ló ń pín fún àwọn tó ń lọ. Ìyá gbà á gbọ́, ó sì jẹun. Bẹ́ẹ̀ ọmọ rẹ̀ wà lójú ogun gan-an, títí àjákù bọ́ǹbù fi wọ̀ ọ́ nítan. Oṣù púpọ̀ ló fi wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ̀gbọ́n sọ fún ìyá pé wọ́n rán an lọ sí kọ́ọ̀sì ni.

Ogun parí, wọ́n ní kó máa lọ sílé. Wọ́n fún un ní káàdì tí yóò máa fi gba ìtọ́jú ní ọsibítù àwọn sójà ní Kàdúná. Ó kọ́ṣẹ́ télọ̀ níbẹ̀, èmi sì ń ṣe tíṣà níbẹ̀, ibẹ̀ la ti pàdé. Díẹ̀ nínú irin náà ṣì kù sí i nínú ẹran itan. Dókítà ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ níwọ̀n ìgbà tó bá ṣì ń sùn. Bó bá jí, tí itan wú, a ó lọ, wọn á fọ̀ ọ́, wọn á gún un lábẹ́rẹ́, a ó sì padà sílé.

Ṣùgbọ́n kò jẹ́ mú káàdì yẹn wá sílé. Ohunkóhun tó bá ti jẹ mọ́ sójà, Kàdúná ló ń fi í sí, kí ojú ìyá má baà kan án. Mo máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé tí ọkọ̀ bá ti gbé e kọjá Jẹ́bà, ogun tó jà ti di bàtà. Ó máa ń rẹ́rìn-ín. Èmi náà máa ń rẹ́rìn-ín nígbà yẹn.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì ló mú wa wálé. Ọkọ̀ ojú irin la wọ̀ dé Ọ̀fà kí á tó wọ lọ́rì. Ìjókòó pẹ́ jù, itan rẹ̀ ti ń wú kí á tó délé. Mo ní ká padà sí Ìlọrin, ká lọ wá dókítà sójà. Ó ní rárá.

"Màmá ń retí wa," ó ní. "Jẹ́ ká ṣe ìkórè tán ná."

Ẹni tí kò bá mọ ìkórè tiwa kò lè mọ ohun tó ń sọ. Lọ́dọọdún, nígbà tó bá kan ìdúpẹ́ ilé wọn, ìyá ọkọ mi á dìde, á jẹ́rìí. Ẹ̀rí kan náà ni. "Ẹ bá mi gbé Jésù ga. Ọmọ mi wọ iṣẹ́ sójà, ogun jà, ogun tán, etí ọmọ mi ò gbọ́ ìró ìbọn, ojú rẹ̀ ò rí ẹ̀jẹ̀!" Gbogbo ìjọ á ké halelúyà. Ìyá mìíràn wà níbẹ̀ tí ọmọ tirẹ̀ lọ tí kò bọ̀, òun náà á máa pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn náà, ọmọ tí wọ́n tìtorí rẹ̀ dúpẹ́ gbọ́dọ̀ jó lọ síwájú pẹpẹ, ìyá á máa jó tẹ̀ lé e, àwa aya ilé á wà lẹ́yìn.

Ọkọ mi jó. Mo wà lẹ́yìn rẹ̀, mo sì rí i pé nǹkan ti ń rin ṣòkòtò rẹ̀ nítan. Mo yára bọ́ ìborùn mi, mo fi kọ́ ọ léjìká, mo jẹ́ kó gùn wálẹ̀ bí ẹni tó ń fi ọkọ rẹ̀ yangàn, kó lè bo ibẹ̀. Àwọn èèyàn ń hó fún wa. Inú bí mi débi pé mi ò gbọ́ orin tí wọ́n ń kọ mọ́.

Ọjọ́ kejì, ara rẹ̀ gbóná bí ààrò. A sọ fún Màmá pé ibà ni. Èmi àti ẹ̀gbọ́n gbé e lọ sí ọsibítù kan nítòsí. Nọ́ọ̀sì ibẹ̀, àlejò tí kò mọ ẹnì kankan nínú ilé wa, la sọ òótọ́ fún; ó tú aṣọ tí a fi dì í, ó mi orí. Ó ní irin inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ jáde, pé apá tiwọn ò ká a, pé ká tètè gbé e lọ bá àwọn dókítà sójà ní Ìlọrin, nítorí àwọn ló mọ irú ọgbẹ́ yìí. Ó ní bí a bá fi falẹ̀, gígé ni wọn yóò gé ẹsẹ̀ náà. Télọ̀ ni ọkọ mi o, ẹsẹ̀ yẹn gan-an ló fi ń tẹ ẹ̀rọ.

A dé bárékè ní Ìlọrin. Sójà tó jókòó sídìí tábìlì kọ́kọ́ fi Hausa kí wa. Nígbà tó gbọ́ bí a ṣe ń fi ohùn Òmù-Àrán bára wa sọ̀rọ̀, ẹnu rẹ̀ là.

"Háà, ará ilé mi nìyí! Ọmọ Agbamu ni mí. Òmù-Àrán tiyín yẹn ni ìyàwó mi ti ń ná ọjà. Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Kí ló ṣe wọ́n lẹ́sẹ̀?"

Mo rò pé Ọlọ́run ti gbọ́ àdúrà wa. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi húkọ́.

"Sójà ni tẹ́lẹ̀," ó ní, "àmọ́ sítọ́ọ̀ ló wà. Bàtà ló ń pín. Igi ló gún un lóko."

"Káàdì wọn ńkọ́?"

"Ó wà ní Kàdúná."

Ojú ọmọkùnrin náà rẹ̀wẹ̀sì. "Ẹ má bínú, Bàbá. Ká ní ogun ló ṣe wọ́n ni, bí káàdì ò tiẹ̀ sí, màá pe dókítà, wọn á bi Kàdúná léèrè. Ṣùgbọ́n igi oko, ọsibítù ìjọba ni kí ẹ gbé wọn lọ."

Mo yíjú sí ọkọ mi. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ń wo ilẹ̀.

Ó yé mi. Ká ní ará Kánò ló jókòó síbẹ̀ ni, àwọn méjèèjì ì bá ti sọ òótọ́ kíákíá. Ṣùgbọ́n ọmọ Agbamu tí ìyàwó rẹ̀ ń ná ọjà wa, ohun tó bá gbọ́ lónìí, Màmá á gbọ́ ọ lọ́jọ́ ọjà. Ẹni tó yẹ kó ṣàánú wa jù ni wọ́n ń sá fún. Wọ́n fẹ́ kí ẹsẹ̀ lọ, kí àṣírí kù. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo lòótọ́ á bá a. Èmi ò lè dúró de ọjọ́ yẹn, nítorí ẹsẹ̀ ọkọ mi ò ní dúró dè é.

Mo kúnlẹ̀ níwájú ẹ̀gbọ́n. "Ọkọ mi, ẹ forí jì mí." Mo wá kọjú sí sójà náà. "Irọ́ ni wọ́n pa fún yín."

Ìyàwó kì í pe ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ ní onírọ́ ní ilẹ̀ wa, ká má tiẹ̀ wá sọ níwájú àlejò. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo ká ṣòkòtò ọkọ mi sókè, mo fi ojú àpá tí wọ́n rán hàn án. "Igi wo ló ń gún èèyàn, tó tún ń fi abẹ́rẹ́ rán an?"

Ọmọkùnrin náà wo àpá yẹn pẹ́. Ó bi ọkọ mi ní ìbéèrè kan ní Hausa, bí sójà ṣe ń bi sójà. Ọkọ mi gbé orí sókè, ó na ẹ̀yìn rẹ̀ ṣánṣán, ó dá a lóhùn. Kò tíì dákẹ́ tí sójà náà fi sáré wọlé lọ pe dókítà.

Wọ́n yọ irin náà. Kò tóbi tó èékánná àtàǹpàkò. Dókítà ní ẹsẹ̀ ò ní lọ mọ́, ṣùgbọ́n yóò máa tiro. Mo jókòó síta, mo sunkún bí ọmọdé. Ẹ̀gbọ́n jókòó sí ìpẹ̀kun bẹ́ǹṣì kejì.

"O ti pa ìyá wa," ó ní.

"Ẹ̀yin náà ì bá ti gé ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀," ni mo fi dá a lóhùn. Ìgbà tí a tún bára wa sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ìyẹn, ó pẹ́ gan-an.

Bí mo ṣe rò ó náà ló rí. Kété tí wọ́n ná ọjà tán, Màmá dé Ìlọrin, òun nìkan, pẹ̀lú aṣọ tó fi lọ sí ìkórè lára. Ẹ̀gbọ́n dìde láti dì í lọ́wọ́ mú, ó já ọwọ́ rẹ̀ gbà. Kò kí mi. Ó lọ tààrà síbi bẹ́ẹ̀dì.

"Ṣí i," ó ní.

Ọkọ mi di aṣọ mú. Èmi ni mo ṣí i.

Màmá wo ọgbẹ́ tuntun náà, ó wá wo àpá àtijọ́ tó yí i ká. Kò sunkún. Ohùn rẹ̀ ò tiẹ̀ lọ sókè.

"Ẹ̀gbọ́n rẹ mọ̀. Ìyàwó tó o fẹ́ lánàá mọ̀. Èmi ni mi ò mọ̀. Lọ́dọọdún ni mò ń dúró níwájú Ọlọ́run, mò ń purọ́ fún un, lójú ìyá tí ọmọ tirẹ̀ ò bọ̀. Ẹ̀yin sì ń bá mi jó."

Ó fa àpótí kan, ó jókòó, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé orúnkún ọmọ rẹ̀ jẹ́jẹ́.

"Ṣé ó ń dùn ọ́?"

"Rárá, Màmá," ni ọkọ mi wí. "Kò dùn mí."

Màmá ò wo ojú rẹ̀. Èmi ló yíjú sí, ó sì ń dúró.

"Ó ń dùn wọ́n, Màmá," mo ní. "Ó ti ń dùn wọ́n láti ìgbà ogun yẹn."