Ìwé Tí Kò Parí ní Agboolé Wa

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo lọ tẹ orúkọ ọjà mi sára ọ̀rá ní Ṣómólú. Bí mo ṣe yà sí àdúgbò àwọn atẹ̀wé, òórùn íǹkì gbá mi nímú, mo dúró gbagidi bí ẹni tí wọ́n pè lórúkọ. Ẹja gbígbẹ ni mò ń tà ní Bàrígà. Ó yẹ kí imú mi ti kú tipẹ́. Àmọ́ lójú ẹsẹ̀, mo tún di ọmọ ọdún mọ́kànlá.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ̀rọ ló ń ká abala ìwé fún yín. Ọwọ́ la fi ń ká a nígbà tiwa. Ọdún tí ṣọ́jà gbé ìjọba fún alágbádá ni mò ń wí. Títí ìbò fi parí, ojú olóṣèlú nìkan ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé inú agboolé wa ń tẹ̀. Ìgbà tí wọ́n wọlé tán, tí wọn ò mọ ọ̀nà àdúgbò wa mọ́, ni ọ̀gá atẹ̀wé wa tó ráyè tẹ ìwé tí tíṣà kan láti ọ̀nà Ìgbóbì kọ. Pósítà tó ṣẹ́ kù ló fi ṣe èèpo rẹ̀. Bí o bá ṣí i, ẹ̀rẹ̀kẹ́ olóṣèlú kan á máa rẹ́rìn-ín sí ọ.

Èmi àti Rálíà, ọmọ agboolé wa, la ká a. Èmi ti fi ilé ìwé sílẹ̀ ní kíláàsì kẹta. Rálíà tó fi ọdún mẹ́rin jù mí lọ ń kàwé bí ẹni ń mumi. A ó ká abala ńlá kan lẹ́ẹ̀mẹ́ta, a ó fi ẹ̀yìn ṣíbí tẹ ojú ìṣẹ́po rẹ̀, a ó wá tò wọ́n léra. Bí Rálíà bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà, ọwọ́ rẹ̀ á dúró, èmi á sì ká tirẹ̀ mọ́ tèmi. Inú mi ń dùn. Ọ̀rẹ́ mi ni.

Lọ́jọ́ tí tíṣà wá kó ìwé rẹ̀, wọ́n bá ẹ̀dà kan tí kò ní abala ìkẹyìn. Ọ̀gá nàka sí mi: "Ìwọ olódo yìí! Ṣé o ò mọ ení, èjì, ẹ̀ta ni?" Rálíà ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Tíṣà kó ìyókù lọ, a ò rí i mọ́. Ọ̀gá ju èyí tó bàjẹ́ sí wa.

Nírọ̀lẹ́, tí ẹ̀rọ bá dákẹ́, Rálíà á kà á sókè fún gbogbo ilé. Nínú ìwé náà, ọkùnrin kan, Àyìndé, ló jí lọ́jọ́ kan tó ní òun ò mọ ẹni tí òun jẹ́. Ló bá fi ìyá rẹ̀ sílẹ̀, ó ń wá ara rẹ̀ kiri. Háà, ìjà dé! Ìyá tó ń kó ẹja wá láti Ìlàjẹ ní, "Ó sọ ara ẹ̀ nù kẹ̀? Ṣé kò sí dígí nílé wọn ni?" Bàbá Wẹ́dà, tó ń jó irin lẹ́nu ọ̀nà, ń ka ojú ewé: "Ogójì ojú ewé, ọmọkùnrin yìí ò tíì jẹun! Irọ́ ni. Ebi á ti fi ẹni tó jẹ́ hàn án." Nọ́ọ̀sì tó ń gbé yàrá ẹ̀yìn sì ń sunkún: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó kà. Èmi ni wọ́n ń wí yẹn." Ìyá Rálíà nìkan ló ń bínú tòótọ́: "Ta ló wá wà pẹ̀lú ìyá Àyìndé báyìí?"

Nígbà tí ìwé tán lọ́wọ́ wa, Àyìndé ṣì wà lójú ọ̀nà. Gbogbo ojú yí sí mi, èmi abàwéjẹ́. Rálíà ní, "Ẹ fara balẹ̀. Mo ti ka ìyókù nígbà tí à ń ká a. Ó padà sílé. Ìyá ẹ̀ bu oúnjẹ fún un, ó jẹ ẹ́ tán, ó tún lá àwo." Ìyá Rálíà pàtẹ́wọ́. "Ìwé gidi! Ẹni tó kọ ọ́ ní ìyá."

Oṣù yẹn ò parí tí Rálíà fi gbé kẹ́ẹ̀gì láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ní òun ń lọ ra kẹrosíìnì. A rí kẹ́ẹ̀gì lẹ́yìn ilé; a ò rí Rálíà. Àwọn kan ní Kàdúná ló lọ, àwọn kan ní Kútọnu ni. Nígbà tí a ká ẹní rẹ̀ sókè, èmi ni mo kọ́kọ́ rí abala kan lábẹ́ rẹ̀. Mo dá ojú ṣíbí mi mọ̀ lára rẹ̀: abala tí wọ́n ní mo sọ nù ni. Mo fi í sábẹ́ aṣọ kíá, torí ìyá Rálíà ti ń wí fún gbogbo ayé pé, "Ṣebí Àyìndé náà padà." Ara mi ti sọ fún mi pé kò sí àwo lílá kankan níbẹ̀. Obìnrin náà ń bu oúnjẹ de ọmọ rẹ̀ títí ọlọ́jọ́ fi dé.

Bí mo ṣe ti Ṣómólú dé lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo gbé ìwé náà àti abala rẹ̀ tí mo ti fi pamọ́ látìgbà yẹn fún ọmọ mi obìnrin pé kó kà á. Kò sí oúnjẹ, kò sí ìyá. Àyìndé jókòó létí odò, ó ní òun ti rí ara òun, òun ò sì ní bojú wẹ̀yìn. Mo rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́. Rálíà! O jẹ́ kí wọ́n pè mí ní olódo, o tún purọ́ fún mi, èmi tí mò ń bá ọ ká ìpín tìrẹ. Ká ní o sọ fún mi pé ò ń lọ ni, ǹ bá gbé kẹ́ẹ̀gì yẹn sìn ọ́ dé títì.

Agboolé wa ti di ibi tí wọ́n ti ń ta fóònù alágbèéká, kò sí ọmọ tó ń ká ìwé níbẹ̀ mọ́. Òórùn íǹkì ló kù, àti èékánná mi tó ṣì ń tẹ ojú ìṣẹ́po sára ọ̀rá ẹja.

Ọmọ mi ní, "Màámi, ṣé kí n lẹ abala náà mọ́ ẹ̀yìn ìwé, kó lè pé?"

Mo ní kó fi sílẹ̀. Bó ṣe wà yẹn, Àyìndé ṣì wà lójú ọ̀nà. Ẹni tó wà lójú ọ̀nà ṣì lè yà sílé.